Èrè Ni Wọ́n Béèrè, Kì Í Ṣe Owó Ọjà

Ọjọ́ kẹrin ni a wà nínú ààwẹ̀ Ramadan ọdún 2025, ó sì bọ́ sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, nígbà tí Àlàájà tí ń ta èlùbọ́ àti gàrí ní àdúgbò wa ní Alájue, ní ìlú Ẹdẹ, wọ inú ọgbà mi wá. Oòrùn ti ń wọ̀ lọ, àwọn ọmọdé sì ti ń gbé omi kiri fún ìṣínu. Àpò ọ̀rá dúdú kan ni ó gbé lọ́wọ́. Ó jókòó sórí àga tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò béèrè àwọn ọmọ bí ó ti máa ń ṣe, ó kàn tú ohun tí ó wà nínú àpò náà sórí itan rẹ̀. Ìwé pélébé mẹ́ta ni, pẹ̀lú lẹ́tà kan láti báńkì.

"Tíṣà," ni ó wí, "wọ́n ní ayédèrú ni gbogbo rẹ̀."

Rìsíìtì owó-orí ni ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àlàájà fẹ́ yá owó ní báńkì kí ó lè ra iṣu gbígbẹ sílẹ̀ ní àsìkò tí ó bá pọ̀ lọ́jà, báńkì sì ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí owó-orí ti ọdún mẹ́ta wá. Báńkì kò dá àrà kankan, ohun tí òfin ní kí wọ́n máa béèrè nìyẹn. ₦15,000 ni ó ti ń kó fún ọkùnrin kan lọ́dọọdún, ọkùnrin náà a sì fún un ní ìwé tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n wá tẹ nọ́ńbà ara àwọn ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà, wọn kò rí ohun tí ó jọ ọ́ níbẹ̀. Ní ojú ìjọba, Àlàájà kò san kọ́bọ̀ rí.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, ó yẹ kí n sọ ohun kan tí ojú ń tì mí láti sọ níwájú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Èmi ni mo júwe ọkùnrin náà fún un. Ní ọdún 2022, èmi ni Àlàájà kọ́kọ́ mú fọ́ọ̀mù owó-orí tọ̀ wá, pé kí n bá òun kọ ọ́, nítorí pé olùkọ́ ni mí. Mo gba fọ́ọ̀mù náà, mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, mo sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ni ó ń béèrè. Dípò kí n sọ pé n kò mọ̀ ọ́n, mo sọ fún un pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, pé ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń yẹ̀ wò, kí ó lọ bá ọkùnrin kan tí ó máa ń jókòó lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Òótọ́ ni pé ìwé ìdánwò wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó dí mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ yóò rí ohun tí mò ń wí bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́. Bí a bá ti ń pe ènìyàn ní tíṣà ní àdúgbò kan, gbogbo ìwé tí ó bá wọ àdúgbò náà ni wọn yóò máa gbé wá bá a: ìwé ìpẹ̀jọ́, ìwé iná mànàmáná, ìwé tí dókítà kọ, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó wà lókè òkun. A ó máa kà á fún wọn, wọn a sì máa súre fún wa. Díẹ̀díẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ sí gbà gbọ́ pé kò sí ìwé tí a kò lè kà. Ọjọ́ tí èyí tí a kò mọ̀ bá wá dé, ẹnu wa kì í fẹ́ sọ ọ́. Mo ti gba oyè nínú ẹ̀kọ́ èdè, mo sì ti kọ́ni fún ọdún púpọ̀, síbẹ̀ gbólóhùn mẹ́ta péré, ìyẹn "n kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí á jọ wádìí, ẹ padà wá lọ́la," kò jáde lẹ́nu mi fún ìyá tí ó tó ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ owó-orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ojú yẹpẹrẹ wò. Bàbá mi ní àpótí páànù kan tí ó máa ń kó agbádá ọdún rẹ̀ sí. Lábẹ́ agbádá náà ni àwọn ìwé owó-orí rẹ̀ wà, láti ayé Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì so wọ́n pọ̀ mọ́ra bí ẹni tí ó so oògùn. Ó máa ń sọ fún wa pé nígbà náà, àwọn akódà a máa dé kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkùnrin tí kò bá sì rí ìwé fi hàn, wọn a mú un lọ. Àwọn mìíràn a sùn sí oko fún ọ̀sẹ̀ kan, méjì. Ogun Adubi ọdún 1918 nílẹ̀ Ẹ̀gbá kò ṣẹ̀yìn owó-orí. Ìjà àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti léwájú ní ọdún 1947 kò ṣẹ̀yìn rẹ̀, títí tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1949. Àgbẹ́kọ̀yà náà ńkọ́? Láàárín ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ní òkè mẹ́fà, tí í ṣe ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn lè san. Ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀, wọ́n sì wá dín owó náà kù sí pọ́ùn méjì nígbẹ̀yìn. Mo mọ gbogbo ìtàn wọ̀nyí dáadáa. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin àti ewì tí ó jẹ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìjà orí owó-orí ni mò ń kọ́ wọn láti ìgbà yìí wá, n kò kọ́ wọn rí bí a ti ń ṣírò rẹ̀.

Mo sì rò pé orúkọ tí a fún un wà lára ohun tí ó ń tàn wá jẹ. Nígbà ayé bàbá mi, iye kan náà ni wọ́n ń bù lé orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀, yálà oko ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa. Owó orí ni lóòótọ́ nígbà náà, iye tí orí kan ń mú wá. Òfin ti yí padà tipẹ́, ohun tí wọ́n ń wò báyìí ni èrè tí ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ kò kúrò lẹ́nu wa, èrò àtijọ́ kò sì kúrò lọ́kàn wa. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin ẹ̀bá fọ́tókọ́pì fi lè máa gba ₦15,000 lọ́wọ́ Àlàájà lọ́dọọdún tí kò sì fura. Iye orí òun ni ó rò pé wọ́n ń gbà. Kò béèrè bí wọ́n ti ṣírò rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ń ṣírò orí.

Ní ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì owó-orí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ ni ó dá wa lóhùn. Ó wo àwọn rìsíìtì náà, ó mi orí, ó sì sọ fún wa pé kì í ṣe Àlàájà nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ó wá la ọ̀rọ̀ náà yé wa. Olúkúlùkù ni òfin ní kí ó ṣírò tirẹ̀, kí ó kọ gbogbo ọ̀nà tí owó gbà wọlé fún un ní ọdún tí ó kọjá, kí ó sì fi ránṣẹ́ láàárín 90 ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ọdún. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni 90 ọjọ́ náà pé. Ṣùgbọ́n ó rán wa létí pé ìtúnu ààwẹ̀ lè bọ́ sí ìparí oṣù, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ ìkẹyìn. Ó fún wa ní fọ́ọ̀mù mẹ́ta, ó sì kọ bí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò náà sí ẹ̀yìn ìwé kan fún mi. Bí a ti ń dìde, ó kọjú sí mi.

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ṣé ẹ ti fi tiyín ránṣẹ́?"

Mo ní wọ́n ń yọ tèmi nínú owó oṣù.

"Ti owó oṣù nìyẹn, sà. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí owó ń gbà wọlé fún yín?"

Mo ní ṣọ́ọ̀bù méjì tí mo fi háyà ní iwájú ilé mi. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí mo máa ń kọ fún kíláàsì náà wà níbẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ iye tí ẹ ń rà á. Mo gba fọ́ọ̀mù kẹrin.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìṣínu, Àlàájà dé pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, a sì jókòó ti tábìlì. Mo mú gègé bí ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe látọjọ́. Mo bi í pé, "Àlàájà, èló ni ó wọlé fún yín ní ọdún 2024?" Ó ka àpò èlùbọ́, ó ka àpò gàrí, ó ka ti oṣù ààwẹ̀ àti ti oṣù ọdún Iléyá, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù rò ó pọ̀. ₦9,600,000 ni ó jáde. Mo kọ ọ́ sí ibi tí wọ́n ti béèrè owó tí ó wọlé.

Òfin tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ìyẹn òfin ọdún 1993 tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2011, ní kí á kọ́kọ́ yọ ₦200,000 àti ìdá 20 nínú 100 owó tí ó wọlé fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Èyí tí ó bá kù ni a ó bu owó-orí lé: ìdá 7 nínú 100 lórí ₦300,000 àkọ́kọ́, ìdá 11 lórí ₦300,000 tí ó tẹ̀ lé e, ìdá 15 lórí ₦500,000, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gòkè títí ó fi dé ìdá 24. Mo tẹ̀ lé ohun tí ọmọbìnrin náà kọ fún mi láìyẹsẹ̀. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ₦1,587,200 ni mo bá pàdé. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Iye kan náà ni.

Àlàájà kò pariwo. Ó wo ìwé náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kà á, ó wá sọ pé, "Tíṣà, bí mo bá kó gbogbo ohun tí mo jẹ lérè lọ́dún náà fún wọn, kò tó ìyẹn. Ṣé kí n wá máa jẹ wọ́n ní gbèsè nítorí pé mo tajà?"

"Gbogbo ohun tí ẹ jẹ lérè?" ni mo wí. "Èló wá ni èrè?"

"O kò bi mí ní èrè. Owó ọjà ni o bi mí."

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí pé n kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Obìnrin tí kò lọ ilé-ìwé ni ó rí i pé ìbéèrè mi kò tọ̀nà. Nínú èdè tí òun fi ń tajà, ojú owó yàtọ̀ sí owó ọjà, owó ọjà yàtọ̀ sí èrè, kò sì sí ọmọ ìyálọ́jà kan tí ó lè ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Èmi ni mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "owó tí ó wọlé," nítorí pé orí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà, n kò sí lórí ohun tí à ń sọ. Bí mo bá béèrè ní Yorùbá gidi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Àlàájà, èló ni ẹ jẹ lérè?" à bá ti sùn ní wákàtí méjì ṣáájú.

A tún bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí ìwé gbèsè rẹ̀, ìwé tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ń bá a kọ. Owó tí ó fi ra ọjà fúnra rẹ̀ ní ọdún náà jẹ́ ₦7,500,000. Owó ọkọ̀ jẹ́ ₦420,000. Ó san ₦180,000 fún ṣọ́ọ̀bù. Àpò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́, àti àwọn tí ń bá a ru ẹrù gba ₦200,000, owó ọjà àti onírúurú owó kéékèèké tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ₦100,000. Nígbà tí a yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ₦1,200,000 ni ó kù. Àlàájà mi kanlẹ̀. "Ìyẹn ni mo mọ̀," ni ó wí. Ó ti ní iye náà lọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjiyàn tí ó kù kò pọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá a lè yọ gàrí tí wọ́n jẹ nílé kúrò. Mo ní rárá, ohun tí ènìyàn jẹ kì í ṣe ìnáwó orí ọjà, èrè tirẹ̀ ni ó jẹ. Ó gbà. Ó wá béèrè sàráà tí ó ṣe nínú ààwẹ̀. Mo wo fọ́ọ̀mù náà síwá sẹ́yìn, n kò rí ibi tí mo lè kọ ọ́ sí. "Kò burú," ni ó wí, "Ọlọ́run ni ó ń ṣírò ìyẹn." Nígbà tí a dé ibi owó tí òfin ní kí á kọ́kọ́ yọ, n kò mọ ohun tí n ó pè é. Mo ní ó dà bí èènì. Ó ní rárá, pé èènì ni èyí tí òun bù kún ọjà lẹ́yìn tí oníbàárà ti sanwó. Bí òun bá mú lára owó kúrò kí ó tó san án, ẹ̀dínwó ni. Òun ni ó jàre. Ẹ̀dínwó ni mo kọ sí etí fọ́ọ̀mù náà, ibẹ̀ ni ó sì wà di òní.

Ẹ̀dínwó rẹ̀ jẹ́ ₦440,000. ₦760,000 ni ó kù tí a ó bu owó-orí lé, owó-orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦78,000. Láàárín ₦1,587,200 àti ₦78,000, kò sí ohun mìíràn ju ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan lọ. Mo retí pé yóò dúpẹ́. Ó ní, "Ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ju ₦15,000 lọ." A ṣe ti ọdún 2023, èrè ₦900,000, owó-orí ₦45,200. A ṣe ti ọdún 2022, èrè ₦700,000, owó-orí ₦27,600. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦150,800, láìka ₦45,000 tí ọkùnrin ẹ̀bá fọ́tókọ́pì ti gbé lọ. Ọkùnrin náà kò sì jókòó síbẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde láti lọ pe ọlọ́kadà ni mo tó lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi. Mo sọ fún Àlàájà pé ní ọdún 2022, kì í ṣe iṣẹ́ ni ó dí mi lọ́wọ́. Mo ní n kò mọ fọ́ọ̀mù náà kọ ni, ojú sì tì mí. Mo ní kí ó jẹ́ kí n san ₦45,000 náà padà fún un.

Ó ń kó àwọn ìwé rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá. "Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà," ni ó wí. "Ojú rẹ ni mo ti rí i. Ẹni tí ó mọ ìwé kì í yí i sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀."

Mo bi í pé kí ló dé tí ó tún fi padà wá bá mi. Ó ní, "Ta ni kí n tún wá lọ bá?" Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n mú ₦15,000 wá. "Ti ọdún kìn-ín-ní ni tìrẹ. Ọdún méjì yòókù, èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi padà lọ bá a." Mo kà á fún un. Ó gbà á, ó sì fi sínú gèlè rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo gbé fọ́ọ̀mù tí a kò kọ nǹkan sí wọ kíláàsì. Ẹ̀kọ́ lórí ìtumọ̀ ni a ń ṣe. Gbogbo wa ni a mọ iṣẹ́ ribiribi tí àwọn àgbà wa ṣe lórí èdè-ìperí Yorùbá, ìwé kìn-ín-ní tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 àti ìkejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn ni a fi lè fi Yorùbá kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n èdè iṣẹ́ tiwa ni wọ́n bá wa ṣe, wọn kò ní kí á má ṣe ti àwọn ẹlòmíràn. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ orí fọ́ọ̀mù náà nìkan. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì lò níbẹ̀ ni "return," nǹkan bí ìdajì kíláàsì sì kọ "ìdápadà." Ọmọkùnrin kan tilẹ̀ fi ayọ̀ béèrè pé ṣé ìjọba fẹ́ dá owó padà fún wa ni. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ dìde, ó ní bí ọjà bá parí, ìyá òun a máa jókòó ṣe ìṣirò ọjà fún ẹni tí ó gbé ọjà fún un tà: èyí ni mo tà, èyí ni mo ná, èyí ni ó kù. Ó ní "jíjíṣẹ́ ọjà" ni wọ́n ń pè é nílé àwọn. A kọ ọ́ sójú pátákó. N kò sọ pé òun ni yóò dúró bí èdè-ìperí, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì lóye fọ́ọ̀mù náà láti ìgbà tí a ti kọ ọ́.

Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27 oṣù kẹta, ni a padà sí Òṣogbo. Ó dára tí a kò dúró, nítorí pé ọdún ìtúnu ààwẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 30, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ọjọ́ 31 oṣù kẹta àti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin gẹ́gẹ́ bí ọlidé. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ náà yẹ àwọn fọ́ọ̀mù wò, ó rí "ẹ̀dínwó" tí mo kọ sí etí, ó rẹ́rìn-ín, kò sì pa á rẹ́. Wọ́n gbà kí Àlàájà san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde lẹ́yìn tí ó san án tán, báńkì yá a ní owó tí kò tó èyí tí ó béèrè, àsìkò tí iṣu gbígbẹ fi pọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Tèmi náà, mo san ohun tí mo jẹ lórí ṣọ́ọ̀bù àti lórí ìwé pẹlẹbẹ. Iye rẹ̀ kò yẹ ní kíkọ sínú jọ́nà ẹ̀ka-ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún kan náà, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àwọn òfin owó-orí tuntun, tí ìṣètò wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Nígbà tí Àlàájà gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀dínwó àtijọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n pé wọn kò ní gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Pé ìdá 15 nínú 100 ni wọn yóò gbà lórí ₦2,200,000 tí ó bá tẹ̀ lé e. Pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò fi máa mọ̀ ọ́n. Pé ẹni tí kò bá sì jíṣẹ́ ọjà rẹ̀ lásìkò lè san ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀ lé e. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Kí n tó mú fóònù mi láti ṣírò rẹ̀, ó ní, "Bí mo bá tún jẹ èrè ₦1,200,000, ₦60,000 ni." Mo ṣírò rẹ̀. ₦60,000 ni. Ó ní kí n tún un ṣe, kí ó lè dá òun lójú pé èmi náà ti mọ̀ ọ́n.

Ìwé àjákọ tuntun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti fi rúlà fa ilà sí i. Ó kọ "Owó ọjà" sí apá kan, "Ìnáwó" sí àárín, "Èrè" sí apá kejì. Àwọn obìnrin méjì kan jókòó ti ògiri, ọ̀kan ń ta epo, èkejì ń ta ẹja gbígbẹ. Olúkúlùkù wọn ni ó gbé àpò ọ̀rá dúdú lé itan. Àlàájà kò tíì sọ ohun tí wọ́n wá ṣe fún mi. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀, kí n lọ mú awò ojú mi wá nílé.